James Joule, Ọmọ Apọntí Tó Ń Ka Ooru Bí Ẹni Ń Ka Owó

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti pé ọdún mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ lò ó kó tó fún mi nígbà tí mo wọlé síbí. Ní sáà tó kọjá, bí mo ṣe ń lo ètò kan tó ń bá mi to ìró ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè gbé e lé itan mọ́. Fáànù rẹ̀ á máa han bí ẹ̀rọ ìlọta, ojú rẹ̀ á dúdú lójijì, ó kú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ tí n kò tíì tọ́jú pamọ́ sì bá a lọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó fọwọ́ kàn án, kò tú u, ó ní processor rẹ̀ ló ti darúgbó. Processor ni ègé kékeré tó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn èèyàn ń pè ní ọpọlọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní bó ṣe ń dàgbà ló ń mú ooru jáde sí i, pé kò sí àtúnṣe, kí n lọ wá owó òmíràn. Owó òmíràn kò sí. Bí mo ṣe ń padà sí họ́sítẹ̀lì ni ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé lóòótọ́ ni processor tó ti pẹ́ ń mú ooru jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Àbí ooru kan náà ni, ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ti dí? Bó bá jẹ́ èkíní, mo gbé. Bó bá jẹ́ èkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo nílò. Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1889.

Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó jókòó ní kíláàsì físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Joule ni wọ́n fi ń wọn agbára, bí a ṣe ń fi mítà wọn ọ̀nà. Kí n má purọ́, n kò mọ̀ pé èèyàn ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Látìnì kan ni. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀ bí orúkọ èèyàn ṣe ń di ọ̀rọ̀-orúkọ lásán, tí lẹ́tà ńlá iwájú rẹ̀ á di kékeré, tí ẹni tó ni ín á sì pòórá sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣe watt, volt àti ampere náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n dá lẹ́tà ńlá padà fún ọ̀kan nínú wọn.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1818 ni wọ́n bí James Prescott Joule ní Salford, ìlú tó fara kan Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Benjamin, bàbá rẹ̀, ní ilé ìpọntí ńlá, nítorí náà owó kì í ṣe ìṣòro wọn. Ara ọmọ náà ni kò le. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára, ó tẹ̀ díẹ̀ títí ó fi dàgbà, ojú sì máa ń tì í láàárín èèyàn. Ilé ni olùkọ́ ti ń wá bá a. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, bàbá rẹ̀ fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ́dọ̀ John Dalton, ẹni tó gbé ìmọ̀ átọ́ọ̀mù kalẹ̀ nínú kẹ́mísírì. Dalton ti dàgbà nígbà náà. Ìṣirò àti jiọ́mẹ́tìrì ló fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, kẹ́mísírì tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún kò sì tíì jìnnà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ fi dá bàbá náà dúró lọ́dún 1837. James kò wọ yunifásítì rí láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣe mí bákan nígbà tí mo ka èyí, èmi tí gbogbo ìdààmú mi dá lórí ìwé ẹ̀rí.

Àwọn eré ọwọ́ rẹ̀ ní kékeré kò dára fún ará ilé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi iná bátìrì gba ẹṣin kan tó yarọ kí wọ́n lè wo bí iṣan rẹ̀ yóò ṣe máa fò. Wọ́n fi gba ara wọn. Wọ́n fi gba ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé, títí ọmọ ọlọ́mọ fi dákú. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wà lórí adágún omi Windermere láti gbọ́ bí ohùn ṣe ń dún padà láti ara òkè, James ki ẹ̀tù bọ ìbọn rẹ̀ pọ̀ jù, ìbọn sì fò bọ́ sínú omi. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń sọ èyí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ti ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ilé ìpọntí ni yunifásítì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọn bíà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tẹmómítà ló ń darí iṣẹ́. Omi tí wọ́n ń dà lé ọkà gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan. Bó bá kọjá a, ọkà bàjẹ́. Bí kò bá dé e, adùn rẹ̀ kò ní jáde. Bí ọtí bá sì ti ń kan, òun fúnra rẹ̀ a máa mú ooru wá, èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Ọmọ tó dàgbà sínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìyàtọ̀ kékeré lórí tẹmómítà kì í ṣe ohun àfojúfò. Owó ni.

Nígbà tó fi máa pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ń kan mọ́tò iná tirẹ̀ nínú yàrá kan nílé bàbá rẹ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí mọ́tò bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ stíìmù tó ń jẹ èédú. Láti ọdún 1838 ló ti ń tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì ìgbà náà ń jẹ síǹkì bí ẹ̀rọ stíìmù ṣe ń jẹ èédú, James sì ṣírò ohun tí pọ́ùn síǹkì kan lè gbé àti ohun tí pọ́ùn èédú kan lè gbé. Èédú ló borí, ó sì borí jìnnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ibi tí òun fojú sí, ọ̀nà kò sí níbẹ̀. Èmi yóò ti fi irú àbájáde bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ohun kan ṣẹ́kù tó ń dà á láàmú: wáyà mọ́tò náà máa ń gbóná. Iná tó yẹ kó lọ yí mọ́tò ń bá ibòmíràn lọ.

Ó wá ká wáyà, ó rì í bọ inú omi tó ti wọ̀n, ó jẹ́ kí iná bátìrì gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì jókòó ti tẹmómítà. Ohun tó rí lọ́dún 1840 ni pé ooru tí wáyà ń mú jáde ń tẹ̀lé ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé nínú wáyà náà, ó sì ń tẹ̀lé ìṣàn iná tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn sì tẹ àkékúrú rẹ̀ nìkan jáde. Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 22, ọjọ́ orí tí mo wà báyìí.

Òfin yìí ló ń ṣẹ nínú kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ìtanná-pana kéékèèké tó wà nínú processor ju bílíọ̀nù kan lọ, wọ́n sì ń ṣí, wọ́n ń tì, ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbàkígbà tí ọ̀kan bá ṣí tàbí tó tì, iná díẹ̀ á gba ojú ọ̀nà tóóró tó ní ìdíwọ́ kọjá, ibẹ̀ á sì móoru. Processor kì í gbé ẹrù, kì í yí àgbá, kì í tan ìmọ́lẹ̀. Iná tó bá jẹ, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà nígbẹ̀yìn. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi ń jẹ watt 15 bí iṣẹ́ bá kan án lára, ìyẹn joule 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 54,000 ní wákàtí kan. Ooru yẹn tó láti mú kí lítà omi kan gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius 13. Inú ohun tí kò nípọn ju ìwé ìròyìn mélòó kan tí a tò léra ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Mo wo ìṣirò náà dáadáa, n kò rí ibi tí ọjọ́ orí ti wọ inú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí iná tó wọlé jẹ́ iye kan náà, ooru tó jáde ní láti jẹ́ iye kan náà, yálà kọ̀ǹpútà jẹ́ ọmọ oṣù kan tàbí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Kò rọrùn fún Joule láti sọ irú ìyẹn nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ooru jẹ́ nǹkan kan bí omi tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní caloric, tó ń ṣàn láti ibi gbígbóná lọ sí ibi tútù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè ṣẹ̀dá rẹ̀, kò sì lè parun. Bí wáyà bá gbóná, a jẹ́ pé ó fa caloric wá láti ibòmíràn, bóyá láti inú bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi tí a ti mọ̀ mí. Nínú èdè Yorùbá, a máa ń sọ pé ooru mú, ooru ń mú mi. Ooru ni olùwà gbólóhùn. Òun ló ń ṣe nǹkan síni. Ṣùgbọ́n omi gbóná, ara gbóná, ilé gbóná: nǹkan náà ni olùwà, gbígbóná sì jẹ́ ipò tó wà. Ohun tó ń wọlé tó ń jáde lọ́tọ̀, ipò tó bá nǹkan sí lọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì máa ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ọkàn wọn. N kò sọ pé àwọn baba wa mọ̀ nípa processor o. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ méjì yìí ro ìbéèrè mi, ó mọ́lẹ̀ sí mi. Ooru tó ń wọ kọ̀ǹpútà lè má yí padà rárá, kí gbígbóná rẹ̀ sì máa lọ sókè lọ́dọọdún.

Láti pa caloric, Joule mú bátìrì kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó yí irin tí wáyà ká mọ́ra nínú omi, láàárín irin òòfà ńlá, kí yíyí náà fúnra rẹ̀ máa mú iná wá. Omi móoru. Kò sí bátìrì tó lè yá a ní caloric. Ó wá lo òjé tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti yí ẹ̀rọ náà, ó sì ṣírò iye iṣẹ́ tí òjé ṣe àti iye ooru tó ti ibẹ̀ wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1843 ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Cork, ní Ireland. Wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó kọ iṣẹ́ mìíràn lórí afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀, Royal Society kò tẹ ìyẹn náà. Apọntí ni lójú wọn, ará Manchester, tí ń sọ pé òun lè ka ìdá kékeré ìwọ̀n kan lórí tẹmómítà.

Ṣùgbọ́n ó lè kà á. John Benjamin Dancer, ọ̀gá nínú ṣíṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n ní Manchester, bá a ṣe tẹmómítà tó fi ń ka ìdá kan nínú igba ìwọ̀n Fahrenheit. Òun ló lò fún iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi han aráyé lọ́dún 1845. Ó ṣe agbada bàbà kan, ó bu omi sí i. Ó ki ọ̀pá kan tó ní abẹ̀bẹ̀ idẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀ sí àárín rẹ̀, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ mìíràn tó dúró gbagidi sí ara agbada kí omi má baà kàn máa yí tẹ̀lé àjẹ̀. Okùn so ọ̀pá náà mọ́ òjé méjì tó rọ̀ sórí púlì. Bí òjé ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àjẹ̀ ń yí, omi ń rú. Bó bá kanlẹ̀, á fà á sókè, á tún jẹ́ kó sọ̀. Ogún ìgbà. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, omi á fi díẹ̀ gbóná ju ìdajì ìwọ̀n Fahrenheit kan lọ.

Ìdajì ìwọ̀n kan! Bí èèyàn bá mí sí i, ó bàjẹ́. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti ṣe èyí tó kún jù nínú iṣẹ́ náà, níbi tí oòrùn àti atẹ́gùn kò dé. Ó tiẹ̀ mọ̀ pé ara òun fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá, ó sì fi pákó ńlá ṣe ìbòjú láàárín ara rẹ̀ àti agbada náà. Onímọ̀ ìtàn ará Jámánì kan kan irú ẹ̀rọ yìí padà lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́jọ ọdún, ó sì rí i pé kò rọrùn fún ẹni tí kò ní irú ọwọ́ tí Joule ní.

Oxford, oṣù Kẹfà ọdún 1847, ló ti yí padà fún un. Alága ìpàdé ní kó má pẹ́, kó kàn ṣàlàyé ní ṣókí. Ìbá tún ti parí bíi ti Cork, àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ọmọ ọdún 23, William Thomson, tó wá di Lord Kelvin lẹ́yìn ọ̀la, wà níbẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ Joule gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ títí ayé.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Joule gbé Amelia Grimes níyàwó. Wọ́n lọ sí ẹsẹ̀ òkè Mont Blanc fún ìsinmi ìyàwó ọ̀ṣìngín. Thomson, tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri níbẹ̀, sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun pàdé Joule lójú ọ̀nà pẹ̀lú tẹmómítà gígùn lọ́wọ́, tí ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ó fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n bóyá omi ìsàlẹ̀ ìtàkìtì omi gbóná ju ti òkè lọ, nítorí omi tó já bọ́ gbọ́dọ̀ sọ ìjábọ́ rẹ̀ di ooru. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan ń ṣiyèméjì pé ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi gbà á gbọ́, nítorí mo mọ ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní 1850 Royal Society tẹ iṣẹ́ àjẹ̀ inú omi jáde lódindi, wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́. Nọ́mbà tó fi lélẹ̀ níbẹ̀ ni 772. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: láti mú kí pọ́ùn omi kan gbóná sí i ní ìwọ̀n Fahrenheit kan, iṣẹ́ tí a nílò tó èyí tí òjé oní-pọ́ùn kan ń ṣe bó bá sọ̀ kalẹ̀ láti gíga 772 ẹsẹ̀ bàtà. Bí iṣẹ́ bá ti ọwọ́ òjé wá, bó ti ara iná wá, bó ti ara afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ wá, iye tó ń rí kò jìnnà síra. Ó ti sọ iṣẹ́ àti ooru di owó kan náà, ó sì ti rí iye pàṣípààrọ̀ wọn.

Òun nìkan kọ́ ló rí i. Julius Robert Mayer, dókítà ará Jámánì, ti tẹ irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1842. Ó wá di ìjà láàárín àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ẹni tó ṣáájú. Mayer ló ṣáájú nínú èrò, mi ò rò pé ó yẹ kí a jiyàn lé e. Joule ló lọ jókòó nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Royal Society fún Joule ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún 1870, wọ́n fún Mayer lọ́dún 1871.

Amelia kú lọ́dún 1854, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Ní nǹkan bí àkókò yẹn náà ni wọ́n ta ilé ìpọntí. Joule kò fẹ́ ìyàwó mìíràn, ojú tó ń tì í sì tún wá pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tó dára jù ní ìdajì kejì ayé rẹ̀ ni èyí tí òun àti Thomson jọ ṣe láti 1852, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ nípa lẹ́tà. Wọ́n rí i pé bí afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ bá gba ojú ọ̀nà tóóró tú jáde, ó máa ń tutù díẹ̀. Lórí èyí ni Carl von Linde kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lé lọ́dún 1895, tó fi ń sọ afẹ́fẹ́ di olómi.

Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí nǹkan ṣe ń gbóná tún padà wo bó ṣe ń tutù, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn mi wà. Processor kò lè tu ara rẹ̀ lára. Bàbà kan ló lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ tó ń kó ooru lọ. Nítorí pé kò sí irin tó dán délẹ̀délẹ̀, wọ́n máa ń fi thermal paste, nǹkan kan bí ọ̀rá ìpara, dí àwọn àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Bàbà yẹn á gbé ooru lọ síbi àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, fáànù á sì fẹ́ ẹ jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, eruku á ti dí àárín ewé irin náà, pàápàá níbi tí ọyẹ́ ti ń jà bíi tiwa. Paste á ti gbẹ. Òróró ìdí fáànù náà á ti gbẹ. Ooru tó ń wọlé kò dín kù, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Processor á wá máa gbóná sí i títí ìyàtọ̀ láàárín òun àti afẹ́fẹ́ ìta á fi tó láti ti ooru náà gba ọ̀nà tó ti dí yẹn kọjá. Bó bá ti ń súnmọ́ ìwọ̀n Celsius 100, á dín eré rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, á kú.

Ọkùnrin tó ní kí n wá owó òmíràn kò purọ́ tán. Processor tó bá gbóná máa ń jẹ́ kí iná jò díẹ̀ gba ibi tí kò yẹ kó gbà, jíjò náà sì ń fi ooru kún ooru. Àwọn ètò tuntun náà ń béèrè iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn lọ, iṣẹ́ tó pọ̀ sì ni ooru tó pọ̀. Nítorí náà mo ṣe bíi ti ọmọ apọntí. Fáìlì ohùn kan náà, ètò kan náà, nínú yàrá kan náà, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́: watt 15, ìwọ̀n 97. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ bá mi tú u lọ́jọ́ kejì. Eruku tó wà nínú rẹ̀ tẹ́ bí òwú inú ìrọ̀rí. Paste rẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. A nu ún, a gbọn ún, a fi òmíràn sí i. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, fáìlì kan náà: watt 15, ìwọ̀n 74. Mo wo nọ́mbà àkọ́kọ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́ ju èkejì lọ.

Joule kò dúró lórí 772. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, tí owó ìdílé ti lọ tán, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní igba pọ́ùn lọ́dọọdún láti 1878. Ọdún yẹn kan náà ló tún gbé àjẹ̀ àti agbada jáde, ó sì rí 772.55. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìpàdé àwọn onímọ̀ iná mànàmáná láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Paris gbà pé kí wọ́n máa pe ìwọ̀n agbára ní joule. Ó kú nílé rẹ̀ ní Sale, lẹ́bàá Manchester, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Ère rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn ìlú Manchester, ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, tòun ti ère Dalton olùkọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ 772.55 sára òkúta ibojì rẹ̀ ní Brooklands. Iye tí a mọ̀ lónìí jẹ́ nǹkan bí 778. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí Joule tó kú ni Henry Rowland, ará Amẹ́ríkà, ti yẹ irú tẹmómítà tó lò wò, tó sì fi hàn pé ibẹ̀ ni apá kan àṣìṣe náà ti wá. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ nọ́mbà náà sára òkúta ló ṣe wà níbẹ̀.